Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bakitéríà, Prótísìtì àti Fọ́ńgọ́ọ̀sì, Èwo Ni Èwo?

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí ló dá lórí àwọn ohun alààyè tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn kan ń béèrè nítorí ìdánwò, àwọn kan nítorí oko, àwọn mìíràn nítorí ìkòkò ògì. A kó wọn pọ̀ torí pé ibì kan náà ni ìdáhùn wọn ti wá. Bí a bá mọ ohun tí ẹ̀dá kan fi mọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ àti ìran tó ti ṣẹ̀ wá, a ó mọ oògùn tó ká a, a ó sì mọ èyí tí yóò kàn jẹ owó wa dànù.

Ìbéèrè: Ìwé tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 sọ pé ìjọba márùn-ún ni ohun alààyè pín sí. Ọmọ kan gbé fóònù rẹ̀ wá, ó ní dòméènì mẹ́ta ni. Èwo ni kí n ní kí wọ́n kọ? (Olùkọ́ báyọ́lọ́jì, Ìkìrun)

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, nínú ìdánwò WAEC àti NECO, márùn-ún ni kí wọ́n kọ, torí òun ló wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́: Monera, Protista, Fungi, Plantae àti Animalia. Robert Whittaker, ará Amẹ́ríkà, ló gbé ètò náà kalẹ̀ lọ́dún 1969. Ìmọ̀ ti rìn síwájú lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ yín kò sì parọ́.

Ó dáa kí wọ́n mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀, torí ẹni tó bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ kò ní há a sórí lásán. Nígbà tí Linnaeus, ará Sweden, tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1735, ẹranko àti ewéko nìkan ni wọ́n pín ohun alààyè sí. Bẹ́ẹ̀ ni olú ṣe di ewéko, torí kì í kúrò lójú kan. Bakitéríà náà sì bá a lọ síbẹ̀ nígbà tó yá. Lọ́dún 1866, Ernst Haeckel ní Jámánì dá ìjọba kẹta sílẹ̀, ó pè é ní Protista, ó sì kó àwọn ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo sínú rẹ̀. Herbert Copeland yọ bakitéríà kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1938 torí pé wọn kò ní núkílíọ́ọ̀sì, àpò inú sẹ́ẹ̀lì tí àbùdá ń gbé. Whittaker ní tirẹ̀ wo bí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ṣe ń jẹun. Ewéko ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ fún ara rẹ̀, ẹranko ń gbé oúnjẹ mì, ṣùgbọ́n fọ́ńgọ́ọ̀sì ń da omi tó ń yọ́ oúnjẹ síta ara rẹ̀, á wá fa èyí tó ti yọ́ wọlé. Ohun tó yọ fọ́ńgọ́ọ̀sì kúrò lágbo ewéko nìyẹn.

Lọ́dún 1977, Carl Woese ní Yunifásítì Illinois pẹ̀lú George Fox fi ráíbósóòmù onírúurú ẹ̀dá wéra. Inú ráíbósóòmù ni sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe purotéènì, kò sì sí ohun alààyè tí kò ní in, nítorí náà a lè fi ti ènìyàn wé ti bakitéríà. Wọ́n rí i pé àwọn kan tí gbogbo ayé ń pè ní bakitéríà, àwọn tó ń mú gáàsì mẹ́téènì jáde, jìnnà sí bakitéríà bí wọ́n ṣe jìnnà sí wa. Àwọn la wá ń pè ní Archaea. Lọ́dún 1990, Woese, Otto Kandler àti Mark Wheelis fi dòméènì mẹ́ta lélẹ̀: Bacteria, Archaea àti Eukarya, ìyẹn àwọn tó ní núkílíọ́ọ̀sì.

Lójú pátákó, ẹ lè fi hàn wọ́n pé Monera ló pín sí méjì, tí ìjọba mẹ́rin yòókù sì wọ inú Eukarya pọ̀. Nínú mẹ́rin yẹn, Protista ni kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti ní núkílíọ́ọ̀sì, tí kì í ṣe ewéko, tí kì í ṣe ẹranko, tí kì í sì í ṣe fọ́ńgọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí. Amoeba tó wà níbẹ̀ sún mọ́ ènìyàn àti olú ju bó ṣe sún mọ́ Plasmodium tó ń fa ibà lọ. A ṣì ń lo orúkọ náà, prótísìtì, torí ó rọrùn, kò sì sí aburú níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọmọ má rò pé ọmọ bàbá kan ni gbogbo wọn.

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ni pé olú kì í ṣe ewéko? (Òǹkàwé, Ṣakí)

Ìdáhùn: Lóòótọ́ ni. Kò ní ohun aláwọ̀ ewé tí ewéko fi ń lo oòrùn. Kítíìnì ló wà nínú ògiri sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, irú èyí tó wà nínú karawun akàn. Ewéko ń lo sẹ́lúlóòsì ní tirẹ̀. Èyí tí a ń já sọ́bẹ̀, apá tó ń tú irúgbìn rẹ̀ ká ni. Ara olú gan-an ni àwọn okùn tín-ín-rín tó ta kiri nínú ilẹ̀ tàbí nínú igi tó ń jẹrà. Ti olú ọ̀gán tilẹ̀ yàtọ̀: ikán ló ń tọ́jú rẹ̀ nínú ọ̀gán, tó ń fi ewé àti igi tó ti jẹ bọ́ ọ, tó sì ń jẹ lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé gbìn sílé bí olú tí wọ́n ń gbìn sínú lẹ́búlẹ́bú pákó.

Ìbéèrè: Mo ra oògùn fún kòkó tó ń dúdú lórí igi. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí fọ́ńgọ́ọ̀sì tí kì í pa. Mo fín in títí, kòkó ṣì ń jẹrà. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? (Àgbẹ̀, Ìdànrè)

Ìdáhùn: Bàbá, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ayédèrú rárá. Ẹ wo ara ike oògùn náà níbi tí wọ́n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ tebuconazole, propiconazole tàbí orúkọ mìíràn tó parí sí -conazole nìkan lẹ rí níbẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn.

Ohun tó ń sọ kòkó di dúdú lágbègbè yín ni Phytophthora megakarya àti àbúrò rẹ̀, Phytophthora palmivora. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti kà wọ́n mọ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì, torí okùn tín-ín-rín ni ara wọn, wọ́n sì ń fa oúnjẹ mu bí fọ́ńgọ́ọ̀sì. Àyẹ̀wò àbùdá ló tú wọn fó. Ìran oomycetes ni wọ́n, àwọn tó bá ewé òkun aláwọ̀ ilẹ̀ tan, tí kò sì bá olú tan rárá. Sẹ́lúlóòsì ló wà nínú ògiri sẹ́ẹ̀lì wọn, kì í ṣe kítíìnì. Oògùn -conazole ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì nípa dídí ọ̀nà tó fi ń ṣe ergosterol, ọ̀rá kan tí fọ́ńgọ́ọ̀sì kò lè ṣe aláìní nínú awọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Phytophthora kì í pèsè ergosterol. Ohun tí oògùn yín ń wá kò sí níbẹ̀. Ẹ̀dá náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ fín nǹkan kan.

Oríṣi méjì ló ń ṣiṣẹ́ fún un. Àkọ́kọ́ ni bàbà, bíi copper hydroxide tàbí cuprous oxide. Ara èso ni bàbà ń dúró sí, kì í wọ inú lọ. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ti wà lára èso kí àrùn tó dé. Èso tó ti ní àmì dúdú, bàbà kò lè gbà á là mọ́. Èkejì ni metalaxyl, tó ń wọ inú èso, tó sì ń dá iṣẹ́ RNA dúró nínú ara Phytophthora. Èyí tó dára jù ni oògùn tí wọ́n ti po méjèèjì pọ̀. Ẹ má lo metalaxyl nìkan lọ́dọọdún, torí ẹ̀dá náà máa ń tètè mọ́ ọn lára débi tí kò ní ràn án mọ́. Oògùn ìyẹ̀fun tí wọ́n pò báyìí sábà máa ń wá nínú àpò gíráàmù 50 fún omi líta 15, èyí tí táǹkì àgbékọ́yìn kan ń gbà. Bí àpò tiyín bá sọ ohun mìíràn, ti àpò ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹ fín in láti ìsàlẹ̀ igi dé òkè, kó kan èso yíká, kì í ṣe ewé. Ẹ tún un fín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra wọn nígbà òjò. Bí òjò bá ṣú, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, torí òjò tó bá rọ̀ kí oògùn tó gbẹ yóò fọ̀ ọ́ lọ sílẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú àti ojú.

Síbẹ̀, oògùn nìkan kò tó, ìṣẹ̀dá rẹ̀ náà ló fi ìdí rẹ̀ hàn. Ọmọ Phytophthora ní ìrù méjì tó fi ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tó lẹ̀ mọ́ ara èso, ohun tí fọ́ńgọ́ọ̀sì bíi Aspergillus kò lè ṣe láéláé. Níbi tí omi bá ti ń pẹ́ gbẹ, ọjà rẹ̀ ń tà níbẹ̀. Ẹ ré ẹ̀ka tó ṣíji jù kí atẹ́gùn lè wọlé. Ẹ ro oko. Ẹ já gbogbo kòkó dúdú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nígbà òjò, kí ẹ kó o kúrò lóko tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Kòkó dúdú kan tí ẹ bá fi sílẹ̀ lórí igi ń tú ọmọ sórí gbogbo èso tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ti megakarya tún le sí i, torí inú ilẹ̀ ló ń sá pamọ́ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò àkọ́rọ̀ yóò sì ta á sókè sára èso tó wà nítòsí ilẹ̀. Bí ewé gbígbẹ bá bo ilẹ̀ oko, títa yẹn yóò dín kù. Èèrà tó ń fi yẹ̀pẹ̀ kọ́lé sára igi náà ń gbé e gòkè.

Ìbéèrè: Ògì mi máa ń kan, irú mi kì í kan, bẹ́ẹ̀ mi ò fi nǹkan kan sí ìkankan nínú wọn. Ṣé ohun kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì? Nígbà míràn nǹkan máa ń bu lójú ògì. Ṣé kí n ha á kúrò, kí n lo ìyókù? (Ìyá Ológì, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Ìyá wa, bakitéríà ni méjèèjì, àmọ́ wọn kì í ṣe ará ilé kan náà. Nínú ògì, àwọn tó ń ṣe ásíìdì ni ọ̀gá, pàápàá Lactiplantibacillus plantarum. Ara àgbàdo ni wọ́n ti wá. Bí ẹ bá rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ásíìdì wọn yóò pọ̀ débi pé pH rẹ̀, ìwọ̀n tó ń sọ bí nǹkan ṣe kan tó (bó bá ṣe kéré tó ló ń kan tó), á lọ sí nǹkan bíi 4 tàbí kó kéré sí i, ọ̀pọ̀ bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru kò sì lè gbèrú nínú rẹ̀. Yíìsì bíi Saccharomyces cerevisiae, tó jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì, náà wà níbẹ̀. Òun náà ló ń sọ ẹmu di ọtí.

Ti irú yàtọ̀ pátápátá. Ẹ se hóró igi igbá tí a fi ń ṣe irú fún wákàtí méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ tún un sè, ẹ wá bò ó mọ́ inú igbá pẹ̀lú ewé nígbà tó ṣì gbóná. Gbogbo nǹkan tó yẹ kó kú ti kú nínú ìkòkò, àyàfi Bacillus subtilis àti àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Wọ́n máa ń ká ara wọn kò sínú kóro líle kan tí omi híhó kò lè pa. Nígbà tí ooru bá rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á jí, wọ́n á sì rí i pé àwọn nìkan ló kù sínú oúnjẹ náà. Ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í fi nǹkan kan sí i. Purotéènì ni wọ́n ń jẹ, ammonia ló sì ń jáde níbẹ̀, òórùn tí ẹ mọ̀ mọ́ irú nìyẹn. Ammonia ń gbé pH gòkè lọ sí nǹkan bíi 8, nítorí náà irú kò lè kan. Bí irú yín bá ní òórùn kíkan, ẹ mọ̀ pé àlejò ti wọlé. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ tí a bá jẹ́ kí hóró náà tutù tán kí a tó bò ó, tàbí tí a bá fi ọwọ́ tàbí ewé tí kò mọ́ kó o.

Ní ti ohun tó ń bu lójú ògì, ẹ wò ó dáadáa. Awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó dán lórí omidùn sábà máa ń jẹ́ yíìsì. Èyí tó bá ní irun bí òwú, tó dúdú, tàbí tó ní àwọ̀ ewé tàbí ìyeyè, fọ́ńgọ́ọ̀sì olókùn ni, ẹ má ha irú rẹ̀ rárá. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù. Ohun tí ojú rí lókè ni apá tó ń tú irúgbìn ká. Okùn rẹ̀ ti wọ ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ Aspergillus flavus, ó lè ti tú májèlé aflatoxin sínú rẹ̀. Májèlé yìí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ooru tí a fi ń se ẹ̀kọ kò sì lè pa á. Fọ́ńgọ́ọ̀sì olókùn kò lè ṣe láìsí atẹ́gùn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí omi bo ògì nígbà gbogbo, kí ẹ sì dé e. Lójà àgbàdo gan-an ni ìṣọ́ra ti bẹ̀rẹ̀: èyí tó bá ti bu, tó rọ̀, tàbí tó ní òórùn ọ̀rinrin, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ìbéèrè: Staphylococcus aureus, bakitéríà kan, ni wọ́n fún wa láti kun ní ọ̀nà Gram, ìyẹn fífi àwọ̀ dá bakitéríà mọ̀ yàtọ̀ síra. Gbogbo ìwé ní elése àlùkò ló yẹ kó jẹ́, pupa ni tèmi. Kí ni mo ṣe? (Akẹ́kọ̀ọ́ Science Laboratory Technology (SLT), ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun)

Ìdáhùn: Ọmọ wa, jẹ́ ká tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, wàá rí ibi tó ti yẹ̀.

Nu gíláàsì títí kò fi ní ọ̀rá. Kán omi ẹ̀kán kan sí i, fi lúùpù mú bíńtín lára bakitéríà, pò ó mọ́ omi náà, kó o tẹ́ ẹ títí yóò fi fẹ́lẹ́ débi pé, bó bá gbẹ, wàá lè ka ìwé gba inú rẹ̀ kọjá. Jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Gbé e gba orí iná kọjá lẹ́ẹ̀mẹta kíákíá. Bí ẹ̀yìn gíláàsì bá gbóná débi tó fi jó ọ lẹ́yìn ọwọ́, o ti sun ún. Jẹ́ kó tutù.

Da crystal violet bò ó fún ìṣẹ́jú kan, fi omi ṣàn án. Da áyódíìnì ti Gram bò ó fún ìṣẹ́jú kan, ṣàn án. Gbé gíláàsì náà dàgẹ̀rẹ̀, kó o máa kán ethanol 95% sí i títí omi tó ń ṣàn kúrò lára rẹ̀ kò fi ní àwọ̀ mọ́. Ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 15 ni. Fi omi ṣàn án lójú ẹsẹ̀, torí bí o kò bá dá ethanol dúró, kò ní dúró. Da safranin bò ó fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60, ṣàn án, fi ìwé fa omi rẹ̀ gbẹ, kán òróró sí i, kó o fi lẹ́ńsì 100 wò ó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ògiri Staphylococcus nípọn, peptidoglycan, ohun tí bakitéríà fi ń mọ ògiri sẹ́ẹ̀lì, ló pọ̀ nínú rẹ̀. Crystal violet àti áyódíìnì máa ń dì pọ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì, ethanol á wá mú kí ògiri náà sún kì, àwọ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde. Ògiri Escherichia coli fẹ́lẹ́, ó sì ní awọ ọlọ́ràá kan níta. Ethanol á yọ́ awọ yẹn, àwọ̀ àkọ́kọ́ á ṣàn lọ, safranin á wá kun ún ní pupa. Hans Christian Gram, dókítà ará Denmark, ló rí ọ̀nà yìí ní Berlin, ó sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 1884.

Tìrẹ tó pupa, ethanol tó pẹ́ jù ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ìkejì ni ọjọ́ orí bakitéríà: èyí tó bá ti ju wákàtí 24 lọ nínú àwo, ògiri ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti ń yìnrìn, á sì máa pupa. Ti Bacillus tún burú ju ti Staphylococcus lọ nínú èyí. Ìkẹta ni iná tó pọ̀ jù, tó fọ́ ògiri náà. Bí o bá gbàgbé áyódíìnì, gbogbo rẹ̀ ni yóò pupa. Òdìkejì náà ń ṣẹlẹ̀: bó bá nípọn jù, ethanol kò ní dé inú, E. coli pàápàá á sì jẹ́ elése àlùkò.

Kí o má baà máa méfò, tẹ́ bakitéríà mẹ́ta sórí gíláàsì kan náà: Staphylococcus tí o mọ̀ dájú lápá kan, E. coli tí o mọ̀ dájú lápá kejì, èyí tí o ń dánwò láàárín. Bí àwọn méjèèjì tí o mọ̀ kò bá jáde bó ṣe yẹ, má gba ti àárín gbọ́.

Kíyè sí ohun mẹ́ta kí o tó kọ èsì. Mycobacterium tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ọ̀rá tó ń lé àwọ̀ Gram, ọ̀nà Ziehl–Neelsen ni wọ́n fi ń kun ún. Mycoplasma kò ní ògiri rárá, nítorí náà á pupa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìran àwọn elése àlùkò ló ti jáde wá. Candida, tó jẹ́ yíìsì, máa ń mú elése àlùkò dáadáa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bíi bakitéríà roboto. Wo bó ṣe tóbi tó: Staphylococcus kò ju nǹkan bíi máíkírómítà kan lọ, Candida tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì sábà máa ń ní ọmọ tó ń rú jáde lára rẹ̀.

Ìbéèrè: Inú èwo ni fáírọ́ọ̀sì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Kò sí nínú ìkankan. Kò ní sẹ́ẹ̀lì, kò ní ráíbósóòmù, inú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn ló ti ń bí sí i. Ó ní ìpínsísọ̀rí tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìbéèrè: Mò ń bọ̀ wálé fún ọdún Kérésì. Dókítà kọ doxycycline fún mi kí ibà má baà mú mi. Bakitéríà ni mo mọ̀ pé oògùn yẹn ń pa, ẹ sì sọ nínú ìwé yín rí pé prótísìtì ló ń fa ibà. (Òǹkàwé, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni pé prótísìtì ni Plasmodium, dókítà yín náà kò sì ṣìnà. Nínú Plasmodium, ẹ̀yà ara kékeré kan wà tó ń jẹ́ apicoplast. Ní ìgbà láéláé, baba ńlá Plasmodium gbé ewé omi pupa kan mì, èyí tó kù lára ewé omi náà ni apicoplast. Ewé omi sì ti gbé bakitéríà mì ṣáájú ìyẹn, òun ló di ohun aláwọ̀ ewé tó fi ń lo oòrùn. Nítorí náà, ráíbósóòmù inú apicoplast ṣì jọ ti bakitéríà títí dòní, ibẹ̀ sì ni doxycycline ń mú.

Ọ̀nà tó ń gbà pa á kò yá, torí náà kò tó láti fi nìkan wo ẹni tí ibà ti mú. Ìdáàbòbò ló wà fún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ lò ó lójoojúmọ́ nílé, kí ẹ sì máa lò ó lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí ẹ bá padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń já sílẹ̀, ibẹ̀ ni ibà ti ń mú wọn. Ẹ fi omi tó pọ̀ gbé e mì, ẹ má dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ó lè bó ọ̀nà ọ̀fun. Ó ń mú kí oòrùn tètè jó ara. Aláboyún àti ọmọdé kò gbọ́dọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè: Wọ́n ń da ìyẹ̀fun ampicillin sí làpálàpá orí ọmọ mi. Kò lọ. (Ìyá ọmọ, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Kò ní lọ. Ampicillin ń dí ọ̀nà tí bakitéríà fi ń mọ ògiri peptidoglycan, làpálàpá kò sì ní peptidoglycan, fọ́ńgọ́ọ̀sì ni. Ẹ dá a dúró, torí ẹ kàn ń kọ́ àwọn bakitéríà tó wà lára ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń fara da oògùn ni. Èyí tó bá wà lára, ìpara clotrimazole tàbí terbinafine máa ń mú un, bí a bá ń fi pa á títí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí ojú ti rí i pé ó lọ. Ti orí kì í gbọ́ ti ìpara, torí gbòǹgbò irun ló wọ̀ sí. Griseofulvin tàbí terbinafine tí wọ́n ń gbé mì ló ń dé ibẹ̀, dókítà ló sì ń wọn ìyẹn fún ọmọ. Ẹ ṣọ́ra fún ìpara tí wọ́n po sítẹ́rọ́ìdì mọ́. Híhún á dáwọ́ dúró, inú wa á dùn, fọ́ńgọ́ọ̀sì á sì máa tàn lábẹ́ rẹ̀ torí sítẹ́rọ́ìdì ti ká ààbò ara lọ́wọ́ kò.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì sún mọ́ wa nínú ìran ju bakitéríà lọ, ìdí nìyẹn tí oògùn rẹ̀ kò fi pọ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lè dá ẹ̀dọ̀ lágara. Àwọn kan tilẹ̀ wà tó tan àwọn onímọ̀ jẹ fún ìgbà pípẹ́. Pneumocystis, tó ń mú ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí ààbò ara wọn ti dín kù, wọ́n kà á sí prótísìtì títí di ọdún 1988, nígbà tí ráíbósóòmù rẹ̀ fi hàn pé fọ́ńgọ́ọ̀sì ni. Ṣùgbọ́n kò ní ergosterol bíi ti àwọn ẹbí rẹ̀, nítorí náà oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń wá ergosterol kì í mú un. Co-trimoxazole ni wọ́n ṣì fi ń wò ó.

Ìbéèrè: Mò ń kọ iṣẹ́ àṣejáde lórí ògì. Ìwé àtijọ́ ní Lactobacillus plantarum, ti ìsinsìnyí ní Lactiplantibacillus plantarum. Ṣé ẹ̀dá méjì ni? Báwo ni kí n kọ ọ́? (Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ̀dá kan náà ni. Jẹ́nọ́ọ̀sì (agbo àwọn ẹ̀yà tó bá ara wọn tan) Lactobacillus ti tóbi jù, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì jìnnà síra wọn nínú àbùdá. Lọ́dún 2020 ni wọ́n pín in sí 25, plantarum sì bọ́ sí Lactiplantibacillus. Nígbà àkọ́kọ́ tí o bá dárúkọ rẹ̀, kọ orúkọ tuntun ní kíkún, kó o fi kún un pé Lactobacillus plantarum ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, kí ẹni tó ń wá iṣẹ́ àtijọ́ lè rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, L. plantarum tó. Lẹ́tà ńlá ni kó bẹ̀rẹ̀ jẹ́nọ́ọ̀sì, lẹ́tà kékeré ni kó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yà, kí méjèèjì sì dàgẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọwọ́ lo fi kọ ọ́, fa ìlà sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí o bá ní Lactococcus tàbí Leuconostoc nínú iṣẹ́ kan náà, má gé wọn sí L. nìkan, torí òǹkàwé kò ní mọ èwo lò ń sọ. Orúkọ fáílọ́ọ̀mù, ìpín tó tóbi ju jẹ́nọ́ọ̀sì lọ, náà ti yí padà lọ́dún 2021: Firmicutes ti di Bacillota, Proteobacteria ti di Pseudomonadota. Lo ti tuntun níbi gbogbo nínú iṣẹ́ náà, títí kan àwọn àwòrán àti tábìlì, torí ibẹ̀ ni olùyẹ̀wò máa ń kọ́kọ́ wò.